Ìtọ́jú ọkàn fún Bàbá Sójà l'Adó-Èkìtì, àti ìlẹ̀kùn irin kan

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Sójà, láti Ìfàkì lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn kan ní Adó-Èkìtì, tí n kò ní dárúkọ. Bàbá ja Ogun Abẹ́lé tó parí ní 1970, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà, wọn kò sì sọ ohun tí ojú wọn rí fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọwọ́ wọn kò ká ayùn mọ́ ni oorun dá lójú wọn.

Oníṣègùn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn mọṣẹ́ gan-an. Ibi tí Bàbá ti lè máa wo ẹnu ọ̀nà ló gbé àga wọn sí, bẹ́ẹ̀ a kò sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń jókòó nílé nìyẹn. Nígbà tí mo bi í pé ṣé ogun àtijọ́ ṣì lè máa da àgbàlagbà láàmú, ó mẹ́nu ba àwọn ará Netherlands tí wọ́n bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀ láàárín 1940 sí 1945: ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́mọ, wọ́n panu mọ́, kí àlá ogun tó wá ká wọn mọ́ lọ́jọ́ alẹ́, tó fi jẹ́ pé ní 1973 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Centrum '45 sílẹ̀ fún wọn. Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tó fún àìsàn náà ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí, PTSD, ìyẹn ìdààmú ọkàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀ lára ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ohun ẹ̀rù. (Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn Èkìtìparapọ̀ tí wọ́n ja Kírìjì, ogun tí ìró ìbọn sọ lórúkọ, a ń ki wọ́n ní akíkanjú, a kì í bèèrè bí wọ́n ṣe ń sùn.)

Ṣùgbọ́n kí a tó rí oníṣègùn yìí, ó tó wákàtí mẹ́ta tí a máa ń fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn irin kan tó ń gbá gbàà ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá wọlé. Nígbà kejì tí a lọ, kí n tó mojú kúrò lára ìlẹ̀kùn náà, Bàbá ti dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n fọwọ́ méjèèjì borí. Akọ̀wé tó ń kọ káàdì sì rẹ́rìn-ín. Mo fẹjọ́ sùn, wọ́n ní àwọn yóò tún un ṣe. Nígbà kẹrin, Bàbá fúnra wọn dìde, wọ́n fi àtàńpàkò yẹ férémù rẹ̀ wò, wọ́n ní, "Róbà díẹ̀ ló ń fẹ́."

Ẹni tó bá ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ nílé, kó gbé wọn lọ, àmọ́ kó tètè dé, kó sì jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì lọ́hùn-ún.