Dróònù fún yíyẹ òrùlé wò àti fún fàájì: èyí tí mo yàn, èmi káfíńtà onípáànù ní Òṣogbo

Iṣẹ́ páànù kíkàn ni mo ń ṣe ní Òṣogbo, láti Òkè-Báálẹ̀ títí dé Òta-Ẹfun. Ohun tó ń gbé mi lọ́kàn jù nínú iṣẹ́ yìí ni ẹ̀mí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Òrùlé tó ti gbó kì í kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ gùn ún. Igi abẹ́ rẹ̀ lè ti jẹrà, asbestos àtijọ́ lè là lábẹ́ ẹsẹ̀, páànù tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sì máa ń yọ̀ gan-an. Torí náà ni mo ṣe ra dróònù, ẹ̀rọ kékeré oníkámẹ́rà tó ń fò, kí ojú wa kọ́kọ́ dé orí òrùlé ká tó mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni débẹ̀.

Àwọn onílé àti àwọn káfíńtà ẹlẹgbẹ́ mi wá ń bi mí pé èwo ni kí àwọn rà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ibo ló lè fò dé. Òrùlé ilé yín kò ju àjà kan tàbí méjì sókè lọ, ẹ ò nílò ẹ̀rọ tó ń fò lọ sí Ẹdẹ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ béèrè ni pé: ṣé ó lè dúró sójú kan nínú atẹ́gùn? Ṣé kámẹ́rà rẹ̀ lè wo ìsàlẹ̀ gbọnrangandan, kó sì tún wo òkè? Ṣé ó lè fi orí ìṣó kan ṣoṣo hàn yín?

DJI Mini 4K ni mo yàn. DJI ni ilé-iṣẹ́ Ṣáínà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Shenzhen lọ́dún 2006, òun ló sì ṣe gbogbo dróònù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí. Ọdún 2024 ni Mini 4K jáde, dọ́là 299 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á ní Amẹ́ríkà. Iye tẹ́ ẹ máa rà á ní náírà wà lọ́wọ́ bí dọ́là bá ṣe ń lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rà á. Kò tó gíráàmù 249. Ìwé rẹ̀ ní bátìrì kan lè gbé e fún ìṣẹ́jú 31, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣe ìṣirò iṣẹ́. Dróònù tó ń dúró, tó ń lọ, tó tún ń bá atẹ́gùn jà kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, èmi ò sì jẹ́ kí bátìrì mi lọ sílẹ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kí n tó pè é wálẹ̀. Bátìrì mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ ní. Bí owó yín bá ku díẹ̀ tẹ́ ẹ fi lè ra dróònù tó ga ju èyí lọ, mo bẹ̀ yín, bátìrì ni kẹ́ ẹ fi owó yẹn rà. Iná ìlú wa kì í dúró de ẹni tó ní iṣẹ́ láàárọ̀.

Kò sí àwòrán ẹlẹ́wà tí mo ń wá lórí òrùlé. Orí ìṣó ni mo ń wá. Lọ́pọ̀ ìgbà tí òrùlé bá ń jò, páànù fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Róbà tó wà lábẹ́ orí ìṣó ni oòrùn ti mú gbẹ tó fi là, omi á wá máa gba ẹ̀gbẹ́ ìṣó wọ inú igi. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkè, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa ń ṣàn wálẹ̀ láti ìdí ìṣó bẹ́ẹ̀: ìpẹtà ni. Mini 4K fi ìlà yìí hàn mí kedere bí mo bá jìnnà sí páànù ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Fọ́tò sì ni kẹ́ ẹ yà. Fọ́tò rẹ̀ jẹ́ mẹ́gápíksẹ̀lì 12 (bí iye yìí bá ṣe pọ̀ tó ni nǹkan kéékèèké ṣe máa hàn tó), bẹ́ẹ̀ àwòrán kan tẹ́ ẹ bá gé jáde nínú fídíò 4K kò ju nǹkan bíi 8 lọ. Súùmù rẹ̀ kò fi nǹkan kan kún un. Ó kàn ń na àwòrán tó ti yà tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ sún mọ́ òrùlé díẹ̀, ẹ yà á, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó.

Àsìkò tẹ́ ẹ yà á ṣe pàtàkì bí kámẹ́rà ṣe ṣe pàtàkì. Láàárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ti ń wá, òjìji á sì fi gbogbo ibi tí páànù tẹ̀ tàbí tó gbé ẹnu sókè hàn. Lọ́sàn-án gangan, páànù álúmíníọ̀mù tuntun máa ń dán débi pé funfun gbalaja ni kámẹ́rà ń rí. Fún àwọn ilé tí wọ́n mọ ògiri pàrápẹ́ẹ̀tì yí òrùlé wọn ká, tí irú wọn ń pọ̀ sí i nílùú yìí, ìgbà tí òjò bá dá tí oòrùn sì ti ràn díẹ̀ ni mo máa ń gbé e sókè. Orí òrùlé á ti gbẹ, ibi tí omi ṣì dúró sí nínú gọ́tà kọnkéré lẹ́yìn ògiri á wá hàn ketekete.

Ìyá kan tó jẹ́ oníbàárà mi wà tí irú òrùlé bẹ́ẹ̀ dà láàmú. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè ti sọ fún wọn pé gbogbo páànù ni kí wọ́n pààrọ̀. Mo gbé dróònù sókè, mo ya gọ́tà náà, mo sì mú fóònù lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí.

“Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí yìí. Ewé máńgòrò ló dí ojú omi. Páànù yín ò tíì gbó.”

Wọ́n wò ó títí, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. “Ewé? Ewé lásán ni wọ́n fẹ́ tìtorí ẹ̀ gba gbogbo owó yẹn lọ́wọ́ mi? Káfíńtà, Ọlọ́run á bá mi dá yín lóhùn.”

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí ẹni gba iṣẹ́ ńlá lọ. Ó yẹ kí onílé fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ní kó sanwó fún.

Dróònù ò lè wo abẹ́ páànù ṣá o. Bí igi bá ti jẹrà, bí ikán bá ti wọ̀ ọ́, ẹ ṣì máa gbé tọ́ọ̀ṣì gun inú àjà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé fọ́tò nìkan ti tó láti fi gé iye owó iṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti wo inú sílíǹgì.

Ibi tí Mini 4K ti dùn mí ni pé kámẹ́rà rẹ̀ kò lè gbójú sókè púpọ̀. Ó ń wo ìsàlẹ̀ dáadáa, àmọ́ bí mo bá fẹ́ wo abẹ́ etí òrùlé, níbi tí fáṣíà, pákó tí wọ́n kàn mọ́ etí òrùlé, ti máa ń rà, tí àdán sì ń gbà wọlé, wàhálà ló máa ń jẹ́. Mini 3, tó jáde ní ìparí ọdún 2022, lè gbé kámẹ́rà rẹ̀ sókè dé dígírì 60. Ojú kámẹ́rà rẹ̀ tún tóbi ju ti Mini 4K lọ, torí náà ó ń ríran dáadáa nínú òjìji abẹ́ òrùlé. Bátìrì rẹ̀ sì ń lọ dé ìṣẹ́jú 38 gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Bí ẹ bá rí Mini 3 tó dára ní iye tí kò jìnnà sí ti Mini 4K, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, òun ni kẹ́ ẹ mú.

Mini 4 Pro ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí n fi ṣiṣẹ́. Òun ló ní ojú yíká: bí ògiri tàbí igi bá wà níwájú, lẹ́yìn, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa dúró. Ohun rere ni, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òkùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kì í sábà hàn sí irú ojú bẹ́ẹ̀, wáyà sì ni ewu tó pọ̀ jù ní àdúgbò wa. Òṣogbo yìí ni ibi tí wọ́n ti ń darí iná ọba gbogbo Nàìjíríà wà, wáyà ńlá gba orí ìlú kọjá, wáyà kékeré sì ń ti ara òpó wọ ara ilé káàkiri. Mo máa ń fẹsẹ̀ rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, kí n ka gbogbo wáyà tó wà níbẹ̀, kí n tó tan ẹ̀rọ rárá. Dọ́là 759 ni wọ́n ń ta Mini 4 Pro nígbà tó jáde ní 2023. Fún òrùlé nìkan, n kò rí ìdí tó fi yẹ kí onílé ná iye yẹn.

Air 3 ló wọ̀ mí lójú jù nínú gbogbo wọn, torí kámẹ́rà kejì tó wà lára rẹ̀ ń fa nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́ta láìba àwòrán jẹ́. Ẹ lè dúró lọ́ọ̀ọ́kán kẹ́ ẹ sì rí ìṣó. Àmọ́ gíráàmù 720 ni. Bí irú rẹ̀ bá já lé ọmọ ẹni lórí, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹni tó fi iṣẹ́ yìí ṣe òwò gidi, tó sì ní ilé-iṣẹ́ ńlá níbàárà, kó lọ rà á.

Fún fàájì, ẹ jẹ́ kí n yin Neo. Gíráàmù 135 péré ni, àtẹ́lẹwọ́ yín ló ti ń gbéra, ààbò sì yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ká. Ọmọkùnrin mi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi ṣeré lórí pápá ilé-ìwé tí a ti gba ìyọ̀ǹda nígbà tí ọlidé bá dé, ẹ̀rín wọn a gba gbogbo pápá. Ìṣẹ́jú 18 ni bátìrì rẹ̀, atẹ́gùn sì máa ń tètè tì í kiri. Ẹ má gbé e lọ wo òrùlé.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé inú páálí kò lè sọ fún yín nípa Òṣogbo. Ẹ má ti orí dẹ́kìn tàbí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò gbé e sókè: irin inú wọn ń da kọ́ńpáàsì tó fi ń mọ ibi tó kọjú sí rú. Ilẹ̀ lásán ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹní sí i nítorí eruku. Àwòdì kì í fẹ́ rí i rárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá ń bọ̀, mo máa ń gbé dróònù sókè tààrà, tí ẹyẹ bá ti yí lọ, mo sọ̀ ọ́ kálẹ̀, ó parí fún àárọ̀ yẹn. Kò sí èyí tó lè bá òjò ṣeré nínú wọn. Bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá ti ń ṣú, ẹ fi í sínú àpò. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ibi gíga tẹ́ ẹ ní kó gbà padà wálé bí kò bá rí rìmóòtù mọ́ ju máàsì àti ọ̀pẹ àdúgbò lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò ṣeé fò dá. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń fi dróònù tí kò tó gíráàmù 250 ṣeré kò ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ 249 gàdàgbà sára páálí. Òfin ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Láti ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa, ti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má gbé dróònù fò láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àti ti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ó gba sùúrù. Ẹ yàgò fún Abẹ́rẹ́ níbi tí ìjọba wà, fún Òkè-Fíà níbi tí ilé gómìnà wà, àti fún gbogbo ibùdó iná. Igbó Ọ̀ṣun náà ńkọ́? Ibi ìjọsìn ni, ibi ogún àgbáyé tí UNESCO fọwọ́ sí ní 2005 ni pẹ̀lú. Bí àwọn alábòójútó ibẹ̀ kò bá fún yín láṣẹ, ẹ má gbé e dé ibẹ̀, ẹ má sì gbé e bo àwọn èrò lórí nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ.

Àwọn aládùúgbò sì ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Balùwẹ̀ tí kò lórùlé ṣì pọ̀ lẹ́yìnkùlé àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo máa ń kan ilẹ̀kùn ilé ọ̀tún àti ilé òsì kí n tó gbé nǹkan kan sókè. Ìyá àgbà kan bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé nǹkan yẹn ò ní máa wò wá níbi tá a ti ń wẹ̀?” Mo gbé àga fún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, “Màmá, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jọ máa wò ó pẹ̀lú mi.” Àwọn ló tọ́ka sí páànù tó ṣí lórí ilé tiwọn.

Bí ó bá jẹ́ tòkúńbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tan án lójú yín, kó sì yọ ọ́ kúrò lórí àkáǹtì DJI tirẹ̀ nínú áàpù níbẹ̀ gan-an, torí pé èyí tó bá ṣì so mọ́ orúkọ ẹlòmíràn lè kọ̀ fún yín láti lò. Ẹ fi ọwọ́ kan bátìrì: èyí tó bá ti wú, ẹ má gbà á. Ẹ jẹ́ kó dúró sójú kan lófuurufú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo àwòrán rẹ̀ lójú fóònù. Bí àwòrán náà bá ń gbọ̀n, tàbí tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ dá a padà fún un, kẹ́ ẹ máa lọ.