Àpótí Sípíkà Béèsì fún Òde Eré: Èwo Ni Kí Ẹ Rà, Báwo Lẹ Ó Ṣe Tò Ó?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé àpótí sípíkà kejì lọ sóde, ojú tì mí. Ìgbéyàwó la lọ ṣeré níbẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, abẹ́ kánópì, tí òkè Olósùnta ń wò wá lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gbé èkejì lé èkíní lórí, mo so wáyà, mo ta okùn tó nípọn jù lára béèsì mi, ìyẹn gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Béèsì lọ sílẹ̀. Mo yọ wáyà èkejì, béèsì padà dé. Mo tún un so, ó tún lọ. Ọ̀gá wa tó di máìkì mú bojú wẹ̀yìn: "Ṣé o ò tíì jẹun ni?"

Ẹ̀yìn òde la tó rí i pé ẹni tó tún àpótí náà ṣe kí n tó rà á ti so wáyà rẹ̀ sódì. Bí sípíkà kan ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni èkejì ń fà á sẹ́yìn, ohùn ìsàlẹ̀ wá ń pa ara rẹ̀. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan péré ì bá ti jẹ́ kí n mọ̀ kí n tó sanwó. Mà á sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí mo bá dé ibẹ̀.

Àwọn àbúrò tó ń lu béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wáàtì mélòó ni kí n rà?" Ìyẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Tí ẹ bá kúrò ní wáàtì 300 tí ẹ bọ́ sí 600, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) 3 péré ni ohùn fi ròkè. Kí etí ènìyàn tó gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì, ó máa ń gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì. Àmọ́ àpótí kejì tó bá èkíní dọ́gba, tí áńpù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà ní agbára, náà bá ní agbára tó lè fún un, lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ ròkè tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni irú àpótí tí ẹ fẹ́, iye rẹ̀, ẹni tó máa gbé e, àti ibi tí ẹ máa gbé e kalẹ̀ sí.

Fíríìjì kan tàbí kékeré méjì?

Bàbá gbogbo wọn ni àpótí tó ní sípíkà 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 10. Ilé iṣẹ́ Ampeg gbé irú rẹ̀ jáde pẹ̀lú áńpù SVT oníwáàtì 300 ní 1969, àwọn olórin sì ń pè é ní fíríìjì nítorí bó ṣe rí. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn. Ó ga tó nǹkan bíi mítà 1.2, nítorí náà àwọn sípíkà òkè ń bá etí yín sọ̀rọ̀. Àpótí kúkúrú, ẹ̀yìn orúnkún yín ló máa ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin á máa yí áńpù sókè torí ẹ ò gbọ́ ara yín, àwọn tó jókòó níwájú á sì máa di etí.

Ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n fi pákó gidi ṣe lé ní kílò 60. Ẹ wá rò ó fún Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, níbi tí ilé kan ti ń wo òrùlé ilé kejì. Wọ́n ń ṣe òkú àgbà, ọkọ̀ ò dé iwájú àgbàlá, ẹ̀yin àti onílù lẹ máa gbé e gun òkè, onílù sì ti ní ẹrù tirẹ̀. Iyán tí ẹ jẹ láàárọ̀ á ti dà kí ẹ tó dé orí stéèjì.

Ẹ fi èyí wé àpótí méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sípíkà 2 oní-ínṣì 10. Tí òòfà sípíkà rẹ̀ bá jẹ́ neodymium, àpótí kan kì í sábà ju kílò 20 lọ. Òòfà ferrite máa ń wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́. Ẹ gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, ẹ ti dé nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ ìpàdé àdúrà nínú yàrá kékeré, ẹ mú ọ̀kan lọ kí ẹ fi èkejì sílé. Ẹni tó ra fíríìjì ò lè fi ìdajì rẹ̀ sílé.

Bí ẹ ṣe máa tò ó rèé, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Ẹ gbé àpótí kìíní nàró, kí sípíkà méjèèjì wà lórí ara wọn, ẹ gbé èkejì nàró lé e lórí. Sípíkà 4 á wá tò sókè lórí ìlà kan ṣoṣo, gíga rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti fíríìjì. Tí sípíkà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tó dúró lápá kan sún mọ́ ọ̀kan ju èkejì lọ. Ohùn méjèèjì ò ní dé etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa pa ara wọn ní àárín àti lókè, níbi tí ìró ìka wà gan-an. Ẹni tó dúró ní gbọọrọ níwájú ń gbọ́ béèsì tó mọ́, akọrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gbọ́ "bùù bùù". Tí ẹ bá tò wọ́n sókè lórí ìlà kan, gbogbo ẹni tó wà lọ́tùn-ún lósì á gbọ́ ohun tó fara jọra. Ohùn ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà, nítorí ìgbì okùn E tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ nǹkan bíi 41 Hz (ìyẹn ìgbà 41 tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), gùn ju mítà 8 lọ. Kí ni àpótí tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì máa ṣe fún un?

Èyí tó burú jù ni kí ẹ gbé ọ̀kan sápá ọ̀tún stéèjì, kí èkejì wà lápá òsì. Mo mọ̀ pé ó máa ń lẹ́wà nínú fọ́tò.

Ínṣì 10 mẹ́rin lórí ínṣì 15 kan

Ètò yìí ló pọ̀ jù nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ṣeré ní Adó. Ohun tí wọ́n sọ fún gbogbo wa ni pé ínṣì 15 ló ń gbé ìsàlẹ̀, ínṣì 10 ló ń gbé òkè. Áńpù kì í pín in bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ló ń rán sí àpótí méjèèjì. Bí àpótí ṣe tóbi tó, ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ àti irú sípíkà tó wà nínú rẹ̀ ló ń pinnu bí ìsàlẹ̀ ṣe máa jìn tó. Mo ti gbọ́ ínṣì 10 tó jìn ju ínṣì 15 lọ dáadáa.

Ẹ tún ṣírò agbára wò. Tí àpótí méjèèjì bá jẹ́ 8 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí àpótí ṣe ń dènà iná tó), wọ́n á pín wáàtì ní ọgbọọgba. Nínú 400, sípíkà ínṣì 15 yẹn nìkan á gba 200, àwọn ínṣì 10 mẹ́rin á pín 200 yòókù ní 50, 50. Ta ló máa kọ́kọ́ ya? Mi ò sọ pé ètò náà ò dùn o, àwọn kan fẹ́ràn ohùn rẹ̀ tó sanra. Àmọ́ tí ẹ bá ń fi owó tuntun rà á, méjì tó bára mu ni kí ẹ rà.

Onísípíkà kan ti ínṣì 12 ńkọ́? Ó ṣe é gbé lórí ọ̀kadà, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì ní tún un ṣe mọ́. Méjì rẹ̀ lórí ara wọn dára fún ẹni tó ń dá rin ìrìn. Kọ́ḿbò, ìyẹn èyí tí áńpù àti sípíkà wà nínú àpótí kan, ẹ fi í sílé fún ìgbàradì, àyàfi tó bá ní ojú ibi tí ẹ lè ti so àpótí mìíràn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ohm, kí áńpù má bàa jóná

Ẹ wo ẹ̀yìn áńpù yín kí ẹ tó jáde nílé. Púpọ̀ nínú wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 4 ohm. Àpótí 8 ohm méjì tí a so pọ̀ di 4, ó dáa. Àpótí 4 ohm méjì di 2, kò dáa fún irú áńpù bẹ́ẹ̀. 8 ohm mẹ́ta di nǹkan bíi 2.67, òun náà ò dáa. Tí ẹ bá so 4 mọ́ 8, 2.67 náà ni, àpótí 4 yẹn á sì máa gba ìlọ́po méjì agbára tí èkejì ń gbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan lónìí àti ọ̀kan lọ́dún tó ń bọ̀ pé kó ra 8 ohm. Olùtajà á máa yìn yín sí 4 ohm torí ó ń mú agbára jáde kíákíá lára áńpù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àpótí kejì.

Wáyà tó so áńpù mọ́ àpótí kì í ṣe wáyà gìtá. Wọ́n jọra lójú, àmọ́ èyí tó wà nínú ti gìtá tín-ín-rín, ó lè gbóná kó sì ba áńpù jẹ́. Ẹ ra wáyà sípíkà; tí àpótí bá ní ojú Speakon, irú ojú wáyà tó máa ń tì pa, ẹ lò ó, kì í já nígbà tí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Lẹ́bàá ògiri tàbí láàárín pápá?

Ẹ má gbé àpótí sí mítà 1 síwájú ògiri. Ohùn tó lọ sẹ́yìn á lu ògiri, á padà wá pàdé tiwájú, wọ́n á sì pa ara wọn ní nǹkan bíi 86 Hz. Tí orin bá wà ní kíì F, ẹ̀ ń bá a jà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láìmọ ìdí. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, kó má ju bí ìbú ọwọ́ méjì lọ, tàbí kí ẹ gbé e jìnnà gan-an. Igun yàrá máa ń sọ ìsàlẹ̀ di púpọ̀: ó wúlò fún àpótí kékeré, ìyọnu ni fún ńlá, pàápàá nínú gbọ̀ngàn onísìmẹ́ńtì tó ń dún padà.

Níta gbangba, ọ̀tọ̀ ni. Kò sí ògiri tó máa ti ohùn síwájú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àpótí jókòó sí ilẹ̀ gan-an, ilẹ̀ á ràn yín lọ́wọ́. Stéèjì onípákó tó ní ihò lábẹ́ yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ó máa ń gbọ̀n bí gángan. Ẹ tẹ́ fóòmù tó nípọn sábẹ́ àpótí níbẹ̀. Tí àwọn tó ń ṣètò ohùn bá ti gbé sípíkà ńlá wá fún èrò, ẹ fi DI, àpótí kékeré tó ń bá gìtá wọ míkísà, so béèsì mọ́ míkísà wọn, kí àpótí tiyín kàn máa bá ẹ̀yin àti onílù sọ̀rọ̀. Fún irú òde bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan tó.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀

Yálà Alábà lẹ lọ tàbí ẹ rí i lọ́wọ́ ẹnìkan ní Adó, ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 kan àti mítà tí àwọn oníná ń lò dání. Ẹ fi mítà wọn ẹnu wáyà àpótí: 8 ohm máa ń fi nǹkan bíi 5.5 sí 7 hàn, 4 ohm á fi bíi 3 sí 3.5 hàn. Tí kò bá fi nǹkan kan hàn, nǹkan kan ti já nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pósítífù bátìrì kan pósítífù àpótí, nẹ́gátífù kan nẹ́gátífù, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Gbogbo sípíkà gbọ́dọ̀ tì síwájú. Tí ọ̀kan bá fà sẹ́yìn, ẹ ti rí ohun tó dójú tì mí ní Ìkẹ́rẹ́.

Kí ẹ tó gbà á, ẹ ta okùn E gbalasa, ẹ fetí sí i bóyá nǹkan kan ń họ ara, ẹ sì gbóòórùn ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Wáyà tó ti jóná nínú sípíkà máa ń rùn. Tí olùtajà bá ní kò sí iná láti dán an wò, tí kò sì jẹ́ kí ẹ fi bátìrì kàn án, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa bá tiyín lọ.