Ọ́ìlì 5W-30 tí mo rà ní Panṣẹ́kẹ́, àti ọmọkùnrin tó kọ̀ kò ta 20W-50 fún mi

Aláàdìrẹ ni mí ní Ìtòkú, n kì í ṣe mẹkáníìkì. Corolla 2005 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ ni, ó ti pé ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń bá mi kó aṣọ lọ sí Èkó. Lọ́jọ́ yòókù, Ìbarà sí Ìtòkú ni, ká gun òkè, ká tún sọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Abẹ́òkúta mọ ohun tí mò ń wí.

Ọdún mẹ́fà yìí, 20W-50 ni mẹkáníìkì mi ń dà sí i, gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin, títí tó fi máa kán tán. Tí mo bá bi í, á ní, "Màámi, òòrùn Abẹ́òkúta yìí! Ọ́ìlì tó bá ti ń ṣàn jù, á jóná mọ́ inú ẹ́ńjìnnì ni." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ọbẹ̀ tó ki ni gbogbo wa ń fẹ́, kí ló dé tí ọ́ìlì ò ní ki? Àmọ́ tí mo bá sítáàtì ọkọ̀ ní ìdájí, inú rẹ̀ á máa dún ta-ta-ta-ta bí ìgbà tí wọ́n ń lu aṣọ nílé aró, kó tó wá dákẹ́.

Nígbà tí sáfíìsì tó, mẹkáníìkì ti lọ síbi ìnáwó nílùú wọn. Ni mo bá yà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Panṣẹ́kẹ́, kọ̀ǹtéénà tí wọ́n to ọ́ìlì sí kan òrùlé. Mo ní kó fún mi ní 20W-50. Ọmọkùnrin náà ò nawọ́ sí nǹkan kan. Ó ní, "Ọkọ̀ wo ni, mà? Ṣé ó ń jẹ ọ́ìlì? Ṣé èéfín ń jáde lẹ́yìn ẹ? Ẹ máa ń gbẹ́rù?" Mo rò pé ó ń wá bó ṣe máa gbówó lé ọjà ni. Ó ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi àkísà nu ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ìdọ̀tí ọdún mẹ́fà, ló bá ní kí n kà á. 5W-30. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀!

N kì í sanwó ohun tí kò bá yé mi, torí náà mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní W yẹn, wíńtà ni, ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. Nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń tètè ṣàn tó. Èyí tó gbẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Mo ní, "Ìgbà wo ni wíńtà dé Abẹ́òkúta?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òtútù −30°C ni wọ́n fi ń dán 5W wò lóòótọ́, ọyẹ́ tiwa ò débẹ̀ láéláé. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó sùn mọ́jú, tútù náà ló tutù, tí a bá fi wé 100°C. Gbogbo ọ́ìlì ló ń ki láàárọ̀. Èyí tó bá wá ki jù ló máa ń pẹ́ kó tó gun òkè ẹ́ńjìnnì. Òòrùn ìta sì kọ́ ló ń pinnu bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, radiator àti thermostat tó ń ṣàkóso omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ni. (Ó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọn ò tíì yọ thermostat mi dànù. Wọ́n ti yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ibi tó ti dárúkọ VVT-i, ẹ̀rọ kan nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi, lọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí létí. Ọ́ìlì ni nǹkan yìí ń lò láti yí ìgbà tí àwọn fáàfù ń ṣí padà, ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà débẹ̀ ò sì fẹ̀. Ẹ̀kọ àdìrẹ ni mo rántí. Láfún la fi ń ro ó. Tí a bá ro ó ki jù nígbà tí màmá mi ń kọ́ wa, kì í tẹ̀lé ìyẹ́ adìyẹ tí a fi ń yà á sára aṣọ. Á dúró ní kókó kókó, tó bá gbẹ, á sán, aró á sì wọlé. Tó bá ṣàn jù, á tàn kálẹ̀, iṣẹ́ á bàjẹ́. Ìyẹ́ tín-ín-rín ò gba ẹ̀kọ kíki. Mo ní kó gbé 5W-30 wá.

₦32,000 ló gbà, ₦9,000 lé lórí èyí tí mo ń rà. Ó dùn mí, n ò ní purọ́. Ó ní ká ní ó ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ ni, òun ì bá fún mi ní 10W-40.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe sáfíìsì ọ̀hún. Lítà 3.7 ni ìwé ọkọ̀ yìí ní kí wọ́n dà sí i tí wọ́n bá pààrọ̀ fíítà, torí náà gálọ́ọ̀nù ò tán. Ó fa géèjì yọ, ó nù ún, ó kì í bọ̀ ọ́, ó fi díẹ̀ kún un, ó tún fà á yọ. Ìyókù, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó ní kí n fi sí búùtù. Lẹ́yìn náà ló fi súkúrúdíráfà lu gálọ́ọ̀nù òfìfo náà ní ihò mẹ́ta lójú mi, kí ẹnikẹ́ni má baà rà á lọ rọ ayédèrú sí. Ihò mẹ́ta yẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán an.

20W-50 náà ní tirẹ̀ o. Peugeot 504 bàbá àwọn ọmọ mi, tó ju àkọ́bí wa lọ, òun ló ń mu. Mo fẹ́ ra 5W-30 kan sí i fún un, ọmọkùnrin náà kọ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì tírin inú ẹ̀ ti jẹ, tí àlàfo ti wà níbẹ̀, á mu eléyìí bí omi ni. Ó tún kọ̀ láti tà á fún ọ̀kadà àbúrò mi. Ó ní inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà ń gbé, ọ́ìlì mọ́tò lè jẹ́ kó máa yọ̀. Kó wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA, àmì ọ́ìlì ọ̀kadà, sí lára.

Àléébù wà. Kò ta fíítà, ibòmíràn ni mo ti lọ rà á. Kò ní rìsíìtì. Aago mẹ́wàá ló ń ṣí, kò sì sí àga tí àgbàlagbà lè fìdí lé. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tún pọ̀ jù.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ta-ta-ta náà ò tán pátápátá, àmọ́ kí n tó de bẹ́líìtì mi, ó ti dákẹ́. Mo ti lọ Èkó lẹ́ẹ̀mejì, ọ́ìlì ò fà lójú géèjì. Ní ti epo bẹntiróòlù, n ò rí ìyàtọ̀ tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Mẹkáníìkì mi dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fa géèjì yọ, ó fi ìka méjì ra ọ́ìlì náà, ó yínmú. "Màámi, omi ni wọ́n dà sí i yìí." Mo ní kó lọ sítáàtì ẹ̀. Ó sítáàtì ẹ̀, ó dẹtí sílẹ̀ títí. Ó ní, "Ẹ ti pààrọ̀ bátìrì ni?"