Mọ́tò ẹ̀rọ ìlọ̀ ní Kétu: iná oníwáyà kan tàbí oníwáyà mẹ́ta?
Bí iná oníwáyà mẹ́ta (three-phase) bá ti dé ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ra mọ́tò oníwáyà mẹ́ta tí agbára rẹ̀ jẹ́ 4 kW fún ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo. Lórí 400 V, ámpíà (ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà) 8 sí 9 ló ń fà lórí wáyà kọ̀ọ̀kan. Irú rẹ̀ oníwáyà kan (single-phase), tó ń lo 230 V, ń fà tó ámpíà 25, kapásítọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí) sì máa ń tètè kú: mọ́tò á kàn máa kùn, kò ní yí.

Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù: bí wáyà kan nínú mẹ́ta bá já, mọ́tò á jóná. Ẹ fi ẹ̀rọ ìdáàbòbò (èyí tó ń paná mọ́tò bó bá ń fa iná jù) sí i, kí ẹ yí i sí iye ámpíà tí wọ́n kọ sára mọ́tò. Bí mọ́tò bá ń yí sódì, ẹ paná, ẹ pààrọ̀ ipò wáyà méjì.

Fún ẹ̀rọ ata 1.5 kW, oníwáyà kan tó.