TP orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ ọmọ àkàndá: bí tèmi ṣe rí

Láti ìgbà tí mo ti parí TP (Teaching Practice, ìkọ́ni tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dánra wò kó tó di olùkọ́) ni ẹ̀yin àbúrò mi ní ẹ̀ka wa ti ń bi mí pé ṣé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì dára, àbí kí ẹ dúró de ti inú kíláàsì. Ìdáhùn mi ni pé ẹ ṣe é. Àmọ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ lọ pé ta ni yóò máa wò yín bí ẹ ṣe ń kọ́ni. Tí wọn ò bá lè dárúkọ olùkọ́ kan pàtó fún yín, ẹ wá ibòmíràn.

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ọbáńtokò ní Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì kọ́kọ́ pín mi sí, ọkọ̀ méjì àti ọ̀kadà kan ni kí n tó débẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ka wa ní a lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ká tó lọ fi ìyókù ṣe ti inú kíláàsì, mo sáré fọwọ́ sí i. Mo san ₦15,000 fún ìforúkọsílẹ̀. Ibi tí mo kọ́kọ́ bọ́ sí, orúkọ ni wọ́n ní kí n máa mú: ta ló wọlé, ta ni kò wọlé, fi líǹkì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni, kò sẹ́ni tó ní kí n kọ́ ọmọ kankan ní nǹkan kan. Wọn ò dá owó mi padà nígbà tí mo kúrò. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn òbí náà sanwó, àwọn ọmọ wọn sì kàn ń wo fídíò tí ẹnìkan ti gbà sílẹ̀ ni.

Ibi kejì, tí mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kù, ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Olùkọ́ àgbà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Gbogbo kíláàsì tí mo bá kọ́, ó wà níbẹ̀, ó ti kámẹ́rà rẹ̀ pa, ó ń kọ̀wé sílẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tó jẹ́ adití ni mo fẹ́ kọ́. Mo ti múra. Mo so àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí màmá mi rà ní Ìtòkú mọ́ ògiri ẹ̀yìn mi kí ojú ibẹ̀ lè dára, mo wá jókòó, mo kẹ̀yìn sí fèrèsé. Mo fọwọ́ sọ̀rọ̀ títí, ọmọ náà kàn ń wò mí. Ni iṣẹ́ Àǹtí bá wọlé sórí fóònù mi: "Yí àga rẹ padà, kọjú sí fèrèsé. Tú aṣọ yẹn kúrò." Nígbà tí mo wo ara mi dáadáa, ojú mi dúdú bí ẹni tó dúró nínú òkùnkùn, àwọn ìlà funfun inú àdìrẹ náà sì ti gbé ìka mi mì. Mo fi ìró aṣọ aláwọ̀ aró tí kò ní iṣẹ́ kankan lára rọ́pò rẹ̀. Mo tì láptọ́ọ̀pù sẹ́yìn títí ó fi rí mi láti orí dé ìbàdí, mo wá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí tábìlì kí n má bàa sún un mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ náà tó dá mi lóhùn. Kò sí ìwé kankan nínú èyí tí a kà tó sọ fún mi pé ìmọ́lẹ̀ ni ohùn olùkọ́ ọmọ adití.

Èdè ọwọ́ tí wọ́n kọ́ wa, ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ló gbé e wá nígbà tó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí àti ìyá rẹ̀ ní tiwọn tí wọ́n dá ṣe nínú ilé. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó fi ìka méjì pa àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà dìde, ó lọ gbé ike omi wá. Mo bi màmá náà, ó ní ohun tí àwọn fi ń pe omi nìyẹn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Kí n tó parí, mo ti kọ mọ́kànlélógún irú rẹ̀. Orí wọn ni mo gbé tèmi lé: mo ṣe ti ilé, mo ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e. Inú kíláàsì gidi kì í jẹ́ ká rí ilé ọmọ báyìí, ìdí nìyí tí n kò fi lè bá ẹni tó ń pe TP yìí ní ayédèrú sọ̀rọ̀ pẹ́.

Ọmọ tó ní ọ̀tísíìmù náà wà, ọmọ ọdún mẹ́fà; ìyípadà òjijì máa ń ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, ìgbà tó sì já lójijì, igbe ni. A wá ń parí ní ìṣẹ́jú 30, orin ìdágbére kan náà lójoojúmọ́. Igbe náà sì tán.

Ti ọmọbìnrin tí kò ríran ló gba agbára mi. NVDA ló ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Mo pín ojú kọ̀ǹpútà tèmi fún un bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn yòókù, kẹ́kẹ́ pa. Àwòrán lásán ni ohun tí a bá pín bẹ́ẹ̀ jẹ́, NVDA kì í dédé ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì wá nǹkan ṣe sí ariwo. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa kò ṣe ọmọ adití ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohùn mi nìkan ni ọmọ yìí ní.

Bàbá rẹ̀ ló máa ń jókòó tì í. Ilé ẹ̀kọ́ méjì ti sọ fún un pé àwọn ò lè gba ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 fún àkàndá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀. Inú ń bí mi títí di òní.

Braille la ń kọ́, ìwé tóótòòtó tí afọ́jú ń fi ìka kà, pẹ̀lú síléètì (férémù oníhò tí a ń fi ìwé sí) àti irin ṣóńṣó tí a fi ń gún un. Láti ọ̀tún sí òsì lèèyàn ń gún un, torí ẹ̀yìn ìwé la ó kà. Mo ní kó kọ "de". Bàbá rẹ̀ yí ìwé padà, ó gbé e sí kámẹ́rà, funfun lórí funfun, n kò rí nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé e dágẹ̀ẹ́rẹ́ sí ìmọ́lẹ̀." Òjìji àwọn tóótòòtó náà bá yọ: "fi" ló kọ. Ó ti gún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tó ń kà á, kò yí i. Bí d bá sì yí padà, f ló máa dà, e á di i. Mo mọ àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá rẹ̀ ni mo ń kọ́, kí ó lè fi ọwọ́ tirẹ̀ tọ́ ti ọmọ. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo dé inú kíláàsì lẹ́yìn náà, ọmọ mìíràn ṣe irú àṣìṣe yẹn, mo fi ọwọ́ mi bo tirẹ̀, òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló tán.

Owó dátà ju owó ìforúkọsílẹ̀ lọ. Fídíò wákàtí kan lè jẹ gígà kan, kíláàsì mẹ́ta sì ni mo ń ṣe lóòjọ́. Ẹ ní powerbank, torí iná ọ̀dọ̀ wa kò ṣeé gbára lé. Ẹ má ṣe gba fídíò ọmọ ọlọ́mọ sórí fóònù yín láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí ìwé, kódà bí alábòójútó bá ní kí ẹ fi hàn òun.

Máàkì 7 nínú 10 ni mo fún ibi kejì yẹn. Ohun tí mo yọ 3 fún ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀ka wa fi sáájú. Bí ẹ̀ka yín bá gbà fún yín, ẹ kọ́kọ́ lọ sí inú kíláàsì, ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, ẹ mọ bí ó ṣe wúwo tó lórí irin yẹn. Nígbà náà lẹ ó mọ ohun tí ẹ máa sọ fún bàbá tó jókòó tì í ní ìdí kámẹ́rà.