Ọkọ̀ tí a háyà láti Syracuse dé Chicago nítorí ìfẹ́: ohun tí ojú wa rí

Ilẹ̀kùn ló mú mi kọ èyí. Ilẹ̀kùn ọ̀tún lára ọkọ̀ elérò méje tí wọ́n gbé fún wa dípò ọkọ̀ kékeré tí mo ti yàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tì pinpin, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ní ó ṣí, ó sì ń ké pí-pí-pí láti Syracuse títí a fi dé Cleveland.

Ibi kántà ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. Ọmọ ọdún 20 ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta sì ń bá mi lọ. Olólùfẹ́ mi ń kàwé ní Chicago. Ó ti sọ fún mi pé ìfẹ́ orí fóònù ti sú òun, pé tí a kò bá jókòó sọ ọ́ lójúkojú lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tó máa sùn?

Ọkùnrin tó wà ní kántà wo ìwé ìwakọ̀ mi, ó ní àwọn kì í yá ẹni tí kò tíì pé 21 lọ́kọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, New York la wà o." Òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí wọ́n torí ọjọ́ orí kọ ẹni tó ti pé 18, wọ́n kàn lè bu owó lé e ni. Ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo ṣí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tiwọn gan-an, mo nà án sí i. Ó kà á, ó tún un kà, ó wọlé lọ bá máníjà, ó jáde, kò bẹ̀ mí, ó kàn ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ wá kan káàdì báǹkì. Orúkọ mi gùn, káàdì ti gé lẹ́tà mẹ́ta sọnù níparí rẹ̀, ó ní kò bá ìwé ìwakọ̀ mu. Nítorí lẹ́tà mẹ́ta! Ó tún padà sọ́dọ̀ máníjà. Owó ń gorí owó: ti awakọ̀ tí kò tíì pé 25, lójoojúmọ́, ti ẹnìkejì tó máa bá mi wakọ̀, lójoojúmọ́, ìdógò tí wọ́n há mọ́ káàdì lọ́tọ̀. Ká tó parí, ọkọ̀ kékeré ti tán. "Tàbí irú rẹ̀" ni wọ́n kọ sínú ìwé, àwọn náà ló sì ń pinnu ohun tó jọ ọ́.

Báyìí la ṣe bọ́ sójú ọ̀nà I-90 pẹ̀lú pí-pí-pí. A ṣí ilẹ̀kùn, a tún un tì, a gbá a, ó ń ké. Ọ̀rẹ́ mi kan ki orin ìyìn bọ̀ ọ́, ó ní ìlù náà kò burú. Olólùfẹ́ mi pè, ó gbọ́ ariwo náà, ó ní, "Ṣé ilé ìwòsàn lo wà ni?" Kí n tó dáhùn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já. Nígbà tó máa fi padà, ó ti pe gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti sunkún. Mo ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni. Kò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́.

A yà sí ibi ìsinmi Angola, èyí tó wà láàárín ọ̀nà àlọ àti àbọ̀, tí wọ́n ń gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ dé. Mo pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ wọn níbẹ̀, wọ́n ní kí a gbé ọkọ̀ dé ẹ̀ka wọn ní pápákọ̀ òfurufú Cleveland.

Ìyá kan la bá ní Cleveland. Ó wò wá, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń dúró dè yín tí ojú yín fi pọ́n báyìí?" Mo sọ fún un. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó jáde fúnra rẹ̀, ó wọnú ọkọ̀, ó gbọ́ ariwo náà, ó mi orí. Kò béèrè lẹ́tà mẹ́ta, kò pe máníjà kankan. Ó fún wa ní ọkọ̀ kékeré tó mọ́ tónítóní, ó pa owó awakọ̀ kejì rẹ́, ó bá wa gbé ẹrù. Ó ní kí n má sáré kọjá ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pé kí n pe ọmọ náà kí n sọ aago tí a máa dé fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde kí n máa lọ.

Ọkọ̀ yẹn dùn ún wà. Ní òpópónà Ohio tí wọ́n ń sanwó rẹ̀, a kò gbọ́ kí ohunkóhun ké. Aago mẹ́fà ni mo dá fún olólùfẹ́ mi, aago ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi sì ti lé ní márùn-ún nígbà tí a ṣì wà ní Indiana. Ó ti ń kẹ́dùn fún mi. Bí a ṣe kọjá South Bend díẹ̀, fóònù gbogbo wa fà sẹ́yìn ní wákàtí kan, torí aago Chicago ni wọ́n ń lò láti ibẹ̀ lọ. Igbe ayọ̀ tí wọ́n ké ju ti ilẹ̀kùn lọ.

Olólùfẹ́ mi ti dúró síta nígbà tí a dé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bóyá mo fara pa, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ń bínú. A sọ̀rọ̀ di òru. A ṣì jọ wà, òun náà sì máa wá kí mi ní Syracuse pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin Lake Shore Limited.

Ó ku owó tólgéètì. Kò sí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ mọ́ lójú ọ̀nà Thruway ní New York. Kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀, wọ́n á sì ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Àwọn wọ̀nyí bu owó iṣẹ́ tiwọn lé e fún gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wa, àní ọjọ́ tí a kàn gbé e kalẹ̀ ní Chicago. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi ní kántà. Ẹ mú E-ZPass tiyín, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń san owó tólgéètì, dání, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ háyà náà sí i kí ẹ tó gbéra. Ó ń ṣiṣẹ́ láti New York títí dé Illinois. Mo ti kọ̀wé sí wọn, wọn kò tíì dá mi lóhùn.

Nítorí ìyá Cleveland, ìràwọ̀ 5 nínú 5.