Kerbal Space Program, PC Building Simulator àti Human Resource Machine: èwo ni kí ẹ rà fún ọmọ tó ń wo iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì?

Ẹ bi ọmọ tó ní òun fẹ́ di ẹnjiníà pé kí ni ẹnjiníà ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò lè sọ. Ẹ̀bi wọn kọ́, wọn kò dé ibi tí iṣẹ́ náà ti ń lọ rí. Géèmù tó dáa lè mú wọn dé ibẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà fún òbí gẹ́gẹ́ bíi géèmù ẹ̀kọ́, wọ́n kàn wọ aṣọ dókítà fún àwòrán ni, wọ́n wá ń bi ọmọ ní ìbéèrè. Mẹ́ta tí mo mú wá yìí yàtọ̀. Ọmọ yóò ṣe nǹkan, nǹkan náà lè má ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì wá ìdí rẹ̀. Ohun tí mo fi ń wọn géèmù kí n tó ní kẹ́nikẹ́ni náwó lé e nìyẹn.

Kerbal Space Program ló gbayì jù lójú mi. Ilé iṣẹ́ Squad ní Mẹ́síkò ló ṣe é, ẹ̀dà tó pé sì jáde ní 2015. Ọmọ yóò to rọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀, láti ẹ́ńjìnnì dé ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, yóò sì yìn ín sókè. Ẹ wo bó ṣe sábà máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀: ó tẹ bọ́tìnì, ẹ́ńjìnnì gbaná, páráṣúùtì náà ṣí lẹ́sẹ̀ kan náà, torí pé ìpele kan náà ló to àwọn méjèèjì sí. Kò sẹ́ni tó máa bú u. Yóò padà sí ibi ìtòpọ̀, yóò yẹ ètò ìpele rẹ̀ wò, yóò sì gbé páráṣúùtì sẹ́yìn. Nígbà tó bá yá, yóò rí i pé kéèyàn kàn lọ sókè tààrà kò tó. Afẹ́fẹ́ Kerbin, ìyẹn ayé inú géèmù náà, parí sí 70 kìlómítà, ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kọjá ibẹ̀ yóò tún já bọ́ bí kò bá dàgẹ̀rẹ̀ sápá kan, kó sì máa sá eré bíi 2,300 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí èyí ti lóye ohun tó ń gbé sátẹ́láìtì dúró lókè.

Ní ti iṣẹ́ òòjọ́, ibẹ̀ ló ti dùn jù. Awakọ̀, ẹnjiníà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni àwọn tó ń wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Awakọ̀ ló ń mú ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ẹnjiníà ló lè tún táyà tó bàjẹ́ ṣe, tó sì lè di páráṣúùtì padà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló lè tún irinṣẹ́ àyẹ̀wò tí wọ́n ti lò ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọmọ bá gbàgbé ẹnjiníà sílé, tí táyà sì bẹ́ lórí òṣùpá, yóò mọ ìdí tí wọ́n fi ń kó onírúurú èèyàn sínú iṣẹ́ kan. Ọ̀nà tí wọ́n pè ní Science ni kó fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀nà mìíràn tí wọ́n pè ní Career ní wàhálà owó àti àdéhùn iṣẹ́ nínú.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó le. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá yóò fẹ́ kí àgbà jókòó tì í, ìwé kíkà inú rẹ̀ sì pọ̀. Kò sí ti fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣèèṣì ra Kerbal Space Program 2: wọ́n gbé e sórí àtẹ ní 2023 láì tíì parí, wọ́n sì tú àwọn tó ń ṣe é ká ní 2024.

PC Building Simulator, tí ẹ̀dà rẹ̀ tó pé jáde ní 2019, sún mọ́ ojú pópó wa ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá ti dé Computer Village ní Ìkẹjà rí mọ irú iṣẹ́ náà. Oníbàárà á fi ímeèlì ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà á dé orí tábìlì, ọmọ á tú ìdè rẹ̀, á yọ èyí tó bàjẹ́, á bèèrè fún òmíràn, á sì tò ó padà. Orúkọ ilé iṣẹ́ gidi bíi AMD àti Corsair ló wà lára àwọn ẹ̀yà náà, nítorí náà ohun tó kọ́ níbẹ̀ wúlò lóde. Ó tún ń kọ́ ọmọ pé owó ọkọ̀ tó kéré máa ń pẹ́ kó tó gbé ọjà dé. Ohun tí n kò fẹ́ nínú rẹ̀ ni pé ìtúpalẹ̀ àti ìtòpọ̀ ló pọ̀ jù. Ìrònú tó jinlẹ̀ kò tó nǹkan. Láptọ̀ọ̀pù tí kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀ yóò sì máa fà.

Bó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, Human Resource Machine ni kí ẹ rà. Ó wà fún Android àti iPhone. Òṣìṣẹ́ kékeré kan ń gbé nǹkan láti ibi ìgbàwọlé lọ sí ibi ìgbéjáde, ọmọ ló sì ń to àṣẹ tí yóò tẹ̀ lé. Kò sí àṣẹ ìsọdipúpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí géèmù bá ní kí nọ́ńbà di ìlọ́po mẹ́jọ, àfi kó ro ó pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, kó di méjì. Kó ro èsì náà pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, kó di mẹ́rin. Kó tún ṣe bẹ́ẹ̀, kó di mẹ́jọ. Iṣẹ́ olùkọ̀wé-ètò kọ̀ǹpútà gan-an nìyẹn, láìsí àbùlà.

Fún ẹni tí owó kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀, Foldit, géèmù ìtòpọ̀ purotéènì ti Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2011, àwọn tó ń fi í ṣeré yanjú ìrísí purotéènì kan láti ara kòkòrò àìfojúrí ọ̀bọ, èyí tó ti dí àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ fún ọdún púpọ̀.

Lórí Steam, ìyẹn ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, Kerbal ń lọ ní bíi 40 dọ́là, PC Building Simulator bíi 20, Human Resource Machine kò sì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń já owó wọn wálẹ̀ lákòókò ẹ̀dínwó, nítorí náà ẹ má kánjú. Steam ń dá owó padà láàárín ọjọ́ 14, bí ọmọ kò bá tíì fi géèmù náà ṣeré tó wákàtí méjì. Kí ẹ fi wákàtí àkọ́kọ́ wò bóyá kọ̀ǹpútà yín lè gbé e, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.